Òkúta Máàsì tí Ó Já sí Oko Àgbàdo

Bí ènìyàn bá dé Odekpe, ní etí Odò Ọya nísàlẹ̀ Onitsha, nígbà tí omi ọdún bá ti fà tán, kò ní pẹ́ kí ó tó rí ilà tí omi náà fà sára ògiri. Nínú ilé kan ilà náà dé orúnkún. Nínú òmíràn ó ga ju àgbà ọkùnrin lọ. Àlejò tí kò sí ní agbègbè Ogbaru ní ọdún 2012 tàbí ní ọdún 2022, nígbà tí odò kọjá ààlà rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fi ilé wọn sílẹ̀, kò nílò ògbufọ̀ tí yóò túmọ̀ fún un bí omi náà ti pọ̀ tó. Ògiri ti sọ ọ́. Bí ó bá sì wọ inú oko, yóò rí ẹrẹ̀ tí odò kó sílẹ̀, ìpele lórí ìpele, iyanrìn nísàlẹ̀, amọ̀ lórí, ewé jíjẹrà àti ìkarahun láàárín wọn. Àgbẹ̀ a bù ú, a fi ìka rẹ́ ẹ, a sì mọ ọdún tí omi fi agbára wá àti ọdún tí ó rọra wá.

Iṣẹ́ tí ojú àti ìka àgbẹ̀ náà ń ṣe yìí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣe ní ayé mìíràn, níbi tí odò ti gbẹ láti nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ayé náà ni Máàsì, ìràwọ̀ pupa tí í ṣe aládùúgbò ayé wa yìí. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ohun abẹ̀mí kankan ti gbé inú omi yẹn rí. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìdálẹ̀, tí ó ń tà tí ó ń rà ní Onitsha, ní Kano tàbí ní Jos, a máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò, a sì mi orí pé òyìnbó kò níṣẹ́ ṣe mọ́, pé ọ̀ràn àwọn tí ó ti jẹun yó ni. Èrò náà kò tọ̀nà. Òkúta kan ti ti Máàsì wá rí, ó já sí ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ojú ọmọ Nàìjíríà, ní ọdún 1962. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òkúta náà lẹ́yìn èyí ni ó yẹ kí ó dun ènìyàn.

Ó dára kí ènìyàn kọ́kọ́ mọ irú ibi tí òkúta náà ti wá. Máàsì jìnnà sí oòrùn ju ayé lọ, fífẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì sì jẹ́ bí ìdajì ti ayé. Ọjọ́ kan níbẹ̀ fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 gùn ju ọjọ́ kan níhìn-ín, ṣùgbọ́n ọdún kan rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 687. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti ayé ní ìwúwo, otútù rẹ̀ sì ju ti yìnyín lọ fíìfíì. Irin ni ó mú un pupa: ilẹ̀ rẹ̀ kún fún erùpẹ̀ irin tí ó ti dípẹtà. Àwọn ará Róòmù ìgbàanì fi orúkọ òrìṣà ogun wọn pè é. Yorùbá tí ó mọ Ògún, tí ó mọ̀ pé irin àti ogun kì í jìnnà sí ara wọn, kò ní bi wọ́n léèrè ìdí. Aládùúgbò kejì ni Àgùàlà, èyí tí àwọn àgbà máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá tí wọ́n fi pè é ní ajá oṣù. Òun ni ó tilẹ̀ máa ń súnmọ́ ayé jù, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ tó láti yọ́ òjé bí ẹni yọ́ òrí, àwọn ẹ̀rọ tí ó gúnlẹ̀ síbẹ̀ kò sì pẹ́ kí wọ́n tó kú. Nítorí náà ni ojú fi wà lára Máàsì.

Ìtàn ìwádìí náà kún fún ìkánjú. Ní 1877 ará Ítálì kan, Giovanni Schiaparelli, fi awò wo Máàsì, ó ní òun rí àwọn ilà tín-ín-rín lára rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ará Amẹ́ríkà kan, Percival Lowell, fi sọ pé ipa omi tí àwọn ẹ̀dá ọlọ́gbọ́n gbẹ́ ni wọ́n, ó kọ ìwé lé e lórí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà á gbọ́. Ojú ni ó tàn wọ́n. Ní oṣù keje 1965, ọdún tí wọ́n parí afárá tí ó so Asaba pọ̀ mọ́ Onitsha, ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Mariner 4 kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Máàsì, ó sì fi àwòrán ránṣẹ́ sílé. Kò sí ipa omi kankan tí ọwọ́ gbẹ́ níbẹ̀. Kòtò ni ó kún ilẹ̀ náà lọ súà.

Ọdún 1976 ni ó yẹ kí ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Anambra fi sọ́kàn. Ní oṣù kejì ọdún náà ni ìjọba ológun dá ìpínlẹ̀ Anambra sílẹ̀, ní ọjọ́ kan náà tí ó dá Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ní oṣù keje, ẹ̀rọ Viking 1 gúnlẹ̀ sí Máàsì. Viking 2 tẹ̀lé e ní oṣù kẹsàn-án. Wọ́n bu erùpẹ̀ ibẹ̀, wọ́n kán omi tí ó ní oúnjẹ nínú sí i, bí ẹni tí ó ń bọ́ ohun ọ̀sìn tí kò fojú rí, wọ́n wá dúró bóyá ohun kan yóò jẹun kí ó sì mí. Ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò náà, èyí tí Gilbert Levin ṣe ètò rẹ̀, fèsì: afẹ́fẹ́ jáde gan-an bí ẹni pé ohun kan ti jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mìíràn tí ó ń wá àwọn èròjà tí ara ohun abẹ̀mí máa ń ní kò rí ohun tí ó ṣe é gbára lé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ dájọ́ pé kẹ́míkà inú erùpẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà, pé kì í ṣe ẹ̀mí. Levin kò gbà fún wọn títí ó fi kú ní 2021. Ohun tí ó wá pani lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ní 2008, ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Phoenix rí iyọ̀ kan nínú erùpẹ̀ Máàsì tí ó lè jó irú èròjà bẹ́ẹ̀ run bí iná bá ti kàn án. Ẹ̀rọ ọdún 1976 sì ni, ńṣe ni ó ń yan erùpẹ̀ lórí iná kí ó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣe é ṣe kí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sun ohun tí ó ń wá.

Ní oṣù kẹjọ 1996, ariwo mìíràn tún ta. Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ní àwọn rí ohun tí ó jọ òkú kòkòrò àìfojúrí nínú òkúta Máàsì kan tí wọ́n ti ṣà lórí yìnyín Antarctica ní 1984. Ààrẹ Bill Clinton fúnra rẹ̀ jáde sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn onímọ̀ mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀rí náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń fi hàn pé ohun tí kò ní ẹ̀mí lè ṣe irú rẹ̀. Yorùbá ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Àwọn ìwé ìròyìn tí ó ti kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú ìwé kìíní kò kọ àtúnṣe rẹ̀ gàdàgbà bẹ́ẹ̀. Àṣà burúkú tí ìwé ìròyìn kò tíì fi sílẹ̀ ni.

Láti ìgbà náà ni ìwádìí ti yí padà. Wọn kò wá ẹ̀dá tí yóò jẹun mọ́; ẹrẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń wá, nítorí pé ẹrẹ̀ a máa tọ́jú ohun tí ó bá kú sínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2012, nígbà tí Odò Ọya ń kún lọ sí ìkún-omi ńlá ọdún náà, ẹ̀rọ onítáyà mẹ́fà tí ń jẹ́ Curiosity gúnlẹ̀ sínú kòtò ńlá kan ní Máàsì, ó sì bá ẹrẹ̀ adágún tí ó ti di òkúta níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 2021, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ Perseverance gúnlẹ̀ sí Jezero, kòtò tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 45. Odò kan ti ṣàn wọ inú rẹ̀ nígbà láéláé, ó sì ti tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn tẹ́ abẹ̀bẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Odò Ọya ti ń pín sí ọ̀nà púpọ̀ tí ó sì ń sọ ẹrẹ̀ kalẹ̀ kí ó tó wọ òkun.

Ní oṣù keje 2024, nínú ojú odò gbígbẹ tí ó ti ń bọ́ adágún náà, Perseverance bá òkúta kan pàdé tí wọ́n sọ ní Cheyava Falls. Àmì kéékèèké wà lára rẹ̀, tí àárín wọn kò dúdú tó etí wọn; àwọn onímọ̀ náà ní ó jọ ara ẹkùn. Nínú àmì wọ̀nyí ni wọ́n ti rí àpẹẹrẹ èròjà irin méjì, tí orúkọ wọn ń jẹ́ vivianite àti greigite. Ní ayé níhìn-ín, ibi tí irú wọn sábà máa ń wà ni inú ẹrẹ̀ dúdú tí ń rùn, níbi tí kòkòrò àìfojúrí ti ń jẹ ewé àti igi jíjẹrà. Kò sí ará Odekpe tí ó ti wọ àbàtà lẹ́yìn ìkún-omi tí kò mọ òórùn ẹrẹ̀ yẹn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2025 ni ìròyìn ìwádìí náà jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ tí ń jẹ́ Nature. Wọn kò sọ pé àwọn rí ohun abẹ̀mí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn rí àmì tí ó ṣe é ṣe kí ohun abẹ̀mí fi sílẹ̀, pé ọ̀nà mìíràn tí kò ní ẹ̀mí nínú sì lè wà tí irú àmì bẹ́ẹ̀ fi lè yọ. Ọ̀rọ̀ àgbà ni èyí, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí ti 1996.

Ìgbà tí wọ́n bá gbé òkúta náà wá sí ayé ni ọ̀rọ̀ lè yanjú. Perseverance ti gé díẹ̀ lára rẹ̀ sínú ọ̀pá irin kékeré kan, ó sì ti dé e pa. Ṣùgbọ́n ètò láti lọ gbé e wá ti di èyí tí wọ́n ń sọ pé ó lè ná bílíọ̀nù dọ́là 11, ìjọba Amẹ́ríkà sì dábàá ní 2025 pé kí wọ́n pa á tì. Ṣáínà ní tirẹ̀ ti kéde pé òun yóò rán ọkọ̀ lọ bu òkúta Máàsì ní nǹkan bí 2028. Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn: àwọn ìjọba tí ó lágbára jù láyé ń ronú iye tí yóò ná wọn láti rí òkúta Máàsì tí kò wúwo ju ìwọ̀nba gíráàmù lọ.

Nàìjíríà ní odindi kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá 1962, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn àyájọ́ ọdún kejì òmìnira, àgbẹ̀ kan wà nínú oko àgbàdo rẹ̀ ní Zagami, ní ilẹ̀ Katsina, ní Ìhà Àríwá ìgbà náà. Lójijì ni ó gbọ́ ìró ńlá bí ìró àgbá, afẹ́fẹ́ bì lù ú, èéfín rú, ohun kan sì já lulẹ̀ gbìì ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ibi tí ó dúró. Ó rò pé bọ́ǹbù ni. Ó dúró díẹ̀ kí ó tó súnmọ́ ibẹ̀. Nínú kòtò tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì ni ó ti rí òkúta dúdú kan, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù 18. Ó ju ìdámẹ́ta àpò ìrẹsì kan lọ díẹ̀.

Ká ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó já sí, kò sí àní-àní pé àwọn kan ì bá pè é ní ẹdùn àrá, wọn ì bá sì gbé e sínú ọpọ́n Ṣàngó. Àwọn tí ó ń wá ìtàn ìgbà láéláé ní àáké àwọn ará àtijọ́ ni àwọn òkúta dídán tí àgbẹ̀ máa ń hú jáde lóko tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó já ní Zagami ni ó ti òkè wá ní tòótọ́, àrá kò sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ó kéré tán, inú ọpọ́n Ṣàngó, ì bá wà nílé.

Àgbẹ̀ náà kò fi òkúta náà pamọ́. Ó dé ọwọ́ àwọn aláṣẹ, wọ́n sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn olùwádìí ilẹ̀ àti òkúta ti ìjọba ní Kaduna. Ó wà níbẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo ayé tí ó mọ ibi tí ó ti wá. Viking ni ó tú àṣírí náà. Nítorí pé ẹ̀rọ náà ti wọn afẹ́fẹ́ Máàsì ní 1976, àwọn onímọ̀ rí i ní 1983 pé afẹ́fẹ́ tí ó há sínú òkúta kan láti Antarctica, tí í ṣe ẹbí òkúta Zagami, bá ti Máàsì mu régí. Nígbà tí ó yá, wọ́n rí irú afẹ́fẹ́ náà nínú òkúta Zagami pẹ̀lú. Òkè tí ń tú iná jáde ni ó bí i, kì í ṣe odò, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ń retí àmì ohun abẹ̀mí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ara irú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mọ bí inú ilẹ̀ Máàsì ti rí àti bí omi inú rẹ̀ ti pọ̀ tó, láìsí èyí tí ọ̀rọ̀ ohun abẹ̀mí kò ní ìpìlẹ̀.

Ní 1988, ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí àṣírí ti tú, oníṣòwò òkúta ará Amẹ́ríkà kan gba apá ńlá nínú rẹ̀ ní ọ̀nà pàṣípààrọ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rẹ́ ẹ ní ègé-ègé, tí wọ́n ń tà á ní gíráàmù bí ẹni ta góòlù. Ègé rẹ̀ wà ní ilé mùsíọ̀mù ní London. Ó wà lọ́wọ́ àwọn olówó tí ó ń kó ohun àràmàǹdà jọ. Ní 1996 wọ́n tilẹ̀ fi ègé kékeré kan sára ọkọ̀ Mars Global Surveyor, wọ́n sì fi ránṣẹ́ padà sí ibi tí ó ti wá. Ọkọ̀ náà ti dákẹ́ láti 2006, àmọ́ ègé Zagami ṣì ń yí Máàsì ká. Òkúta oko àgbàdo Katsina ti rìn ju gbogbo ọmọ Nàìjíríà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹ̀sùn olè. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé ọmọ yunifásítì ní Nàìjíríà tí ó bá fẹ́ kọ́ nípa òkúta Zagami yóò ka ìwé tí àwọn tí ó wò ó ní Amẹ́ríkà tàbí ní Jámánì kọ. Irú rẹ̀ sì tún ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò. Ní oṣù kọkànlá 2023, wọ́n rí òkúta Máàsì tí ó tóbi jù lọ tí a mọ̀ ní ayé ní agbègbè Agadez, ní orílẹ̀-èdè Niger tí ó ń jẹ́ orúkọ Odò Ọya yìí kan náà. Ìwọ̀n rẹ̀ lé ní kìlógíráàmù 24. Ní ọjọ́ 16 oṣù keje 2025, wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní New York, owó rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù dọ́là márùn-ún. Lẹ́yìn tí ó ti lọ tán ni ìjọba Niger bẹ̀rẹ̀ ìwádìí bí ó ṣe jáde.

Àwọn tí ó ní ebi kò jẹ́ kí ènìyàn ronú nípa Máàsì lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀rọ̀ wọn. Ẹni tí omi gba ilé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ogbaru kò lè fi ìtàn Jezero bọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ tí ó ń fi àwòrán láti òkè ka ojú odò gbígbẹ ní Máàsì kan náà ni ó ń fi àwòrán láti òkè mọ ibi tí Odò Ọya yóò gbà ya wọ ìlú. Nítorí irú èyí ni Nàìjíríà fi dá àjọ òfúrufú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1999, tí ó sì fi sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 sókè ní 2003, pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn sátẹ́láìtì tí ó ń ṣọ́ àjálù. Ní oṣù kejìlá 2022, Nàìjíríà àti Rwanda ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Artemis ní Áfíríkà. Ìwé rọrùn láti fọwọ́ sí. Awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, iná mànàmáná tí kì í kú láàárín iṣẹ́, àti owó oṣù fún ẹni tí yóò jókòó tì í, ìwọ̀nyí ni kò rọrùn.

Ó yẹ kí òfin wà tí ó dárúkọ òkúta ojú ọ̀run ní kedere, tí ó sọ ẹni tí ó ni ín, tí ó sì ya owó sọ́tọ̀ fún àgbẹ̀ tí ó bá mú un wá, kí oníṣòwò má baà ṣáájú ìjọba dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí ìjọba ra díẹ̀ padà lára òkúta Zagami, ìbáà ṣe gíráàmù mẹ́wàá, kí ó sì fi sí ibi tí ọmọ ilé-ìwé lè fi ojú ara rẹ̀ rí i: ní Katsina tí í ṣe ilé rẹ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ibùdó ẹ̀kọ́ òfúrufú fún Áfíríkà ti wà láti 1998, àti ní Nsukka, níbi tí àjọ òfúrufú ti ní ibùdó ìmọ̀ ojú ọ̀run. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Onitsha tí ó ń lọ sí ilé-ìwé níbẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí i bí ọmọ tí ó wà ní Ifẹ̀.

Kí òfin tó dé, òkúta mìíràn lè já. Kò mọ ìpínlẹ̀, kò mọ èdè. Ó lè já sí oko ẹ̀gẹ́ ní Odekpe bí ó ti já sí oko àgbàdo ní Zagami. Ẹni tí ó bá rí i kò gbọdọ̀ fi omi fọ̀ ọ́, kò sì gbọdọ̀ fi òòlù lù ú láti wo inú rẹ̀. Ara irú òkúta bẹ́ẹ̀ a máa dúdú bí ohun tí iná rá, a sì máa wúwo ju bí ó ti tóbi lọ; èyí tí ó kún fún ihò bíi kànrìnkàn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kí ó fi aṣọ mímọ́ gbé e, kí ó kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ó ti rí i sílẹ̀, kí ó sì gbé e lọ sí yunifásítì tí ó súnmọ́ ọn kí oníṣòwò tó gbọ́. Láti Odekpe, ọkọ̀ yóò gba Onitsha, yóò gba Awka, yóò gba Enugu, kí ó tó yà sí Nsukka. Ẹni tí ó bá jí ní òwúrọ̀ yóò padà sílé ní alẹ́.